Ta Ló Kọ Ọ́? Láti Ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Lẹ́tà Dé Ọ̀dọ̀ AI

Bẹ́ ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ di fóònù yín mú dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé kíkà lẹ ń kà á, tí kì í ṣe gbígbọ́, ohun tá a sọ lórí ètò náà lẹ máa bá níbí, a kàn tún un tò díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí nǹkan kan tó ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ká ní ẹ ń ta aṣọ lórí Instagram, tàbí ẹ ń bójú tó ìkànnì ilé iṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó ṣí AI, ẹ ó ní, "Bá mi kọ post méje, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan." Ìṣẹ́jú kan ò ní pé, ó ti kọ ọ́. Ẹ ó wá kó o sínú áàpù tó ń báni gbé post jáde, ẹ ó fi aago sí i: ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago kan ọ̀sán. Ó parí. Ẹ̀yin ń sùn, ẹnu yín ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àná òde yìí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló la ìtàn náà já látìbẹ̀rẹ̀: bí ẹlòmíì bá bá wa kọ ọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ orúkọ wa ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ta ló máa dáhùn fún un?

Akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́

Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn akọ̀wé kan wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti láwọn ìlú ńlá mìíràn, tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n ń bá ará ìlú kọ. Tábìlì kékeré kan, àga méjì, yíǹkì àti bébà, nígbà mìíràn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ó tán. Ìtòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí kóòtù ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni oníbàárà wà. Ẹni tí kò kàwé, tó fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè ọya, tàbí tó fẹ́ fẹjọ́ ilẹ̀ sun ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ.

Akọ̀wé á ní, "Kí lẹ fẹ́ ká sọ, mà?" Màmá á sọ tẹnu ẹ̀ ní Yorùbá, tòwe tòwe, nígbà mìíràn tẹkún tẹkún. Akọ̀wé á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, á fi gbogbo "your obedient servant" táwọn òyìnbó fẹ́ràn sí i nísàlẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun táwọn ọ̀dọ́ ń pè ní prompt lónìí, àwọn ìyá ìyá wa ti ń fi ẹnu ṣe é nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Màmá ò lè kà á. Bí akọ̀wé bá fi tiẹ̀ kún un ńkọ́? Bí màmá bá ní òun fi ilẹ̀ òun dógò, tí akọ̀wé wá kọ ọ́ pé ó ta ilẹ̀ ńkọ́? Tí ó bá ti tẹ̀ka sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nítorí ewu yìí ni wọ́n ṣe gbé òfin kan jáde ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Òfin yẹn ní ẹni tó bá báni kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ohun méjì ló ń jẹ́rìí sí. Ó ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun gan-an lòun kọ, kò lé, kò dín. Ó tún ń jẹ́rìí pé òun ti ka ìwé náà sétí ẹni tó rán òun, òun sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka. Títí dòní, bí ìwé tí ẹni tí kò kàwé tẹ̀ka sí bá dé iwájú àwọn adájọ́ wa, wọ́n ṣì máa ń wá ẹ̀rí náà nísàlẹ̀ ìwé.

Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn. A máa padà sí i.

Kí n má gbàgbé o, ọ̀rọ̀ àdàkọ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ lórí AI. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú kún ọjà Onitsha, àwọn kan nínú wọn sì ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin á rà á, á da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, á fi orúkọ olólùfẹ́ tiẹ̀ sí i. Kó ṣáà ti má jẹ́ pé ọmọbìnrin àdúgbò kejì ti gba irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìgbà tí aago gba iṣẹ́

Láti orí bébà, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fóònù. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2006 ni Jack Dorsey kọ post àkọ́kọ́ sórí Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí. Àmì 140 péré ni wọ́n fàyè gbà nígbà náà, torí pé orí SMS ni wọ́n gbé e kà. SMS kan ò gbà ju àmì 160 lọ, wọ́n sì ya 20 sọ́tọ̀ fún orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ báyìí, sọ ọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n nígbà táwọn ilé iṣẹ́ dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó Twitter, Facebook àti ìkànnì mẹ́ta mìíràn. Lọ́dún 2008, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, Ryan Holmes àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe irinṣẹ́ kan tó kó gbogbo ìkànnì bẹ́ẹ̀ sójú kan. BrightKit ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Lọ́dún 2009 wọ́n ní káwọn tó ń lò ó dá orúkọ tuntun lábàá, ibẹ̀ ni Hootsuite ti jáde.

Ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joel Gascoigne rí ìṣòro mìíràn. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun máa jáde díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, kó má ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò. Kó tó kọ áàpù rárá, ó kọ́kọ́ gbé ojú ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, ó ń wò ó bóyá àwọn èèyàn máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó gbé Buffer jáde, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni àkọ́kọ́ fi sanwó. Ẹ to ọ̀rọ̀ yín sórí ìlà, aago á máa mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2012, Facebook náà jẹ́ kí àwọn tó ní ojú ewé máa fi aago sí post wọn. Instagram ló pẹ́ jù. Kó tó di ọdún 2018, àwọn áàpù wọ̀nyí ò láṣẹ láti gbé àwòrán síbẹ̀ fúnra wọn. Fóònù yín ló máa dún pé àkókò ti tó, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìka èèyàn ló kẹ́yìn, ojú èèyàn ló sì wo ọ̀rọ̀ náà kẹ́yìn kó tó jáde.

Iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ọmọ

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n, tó bá dé ilé tí wọ́n rán an lọ, tó bá òkú nílẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ ìgbéyàwó fún wọn. Á kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Á jókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an á di ọjọ́ mìíràn.

Aago ò lè ṣe ìyẹn. Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, alẹ́ tí àwọn sójà yìnbọn ní Lekki. Ẹkún àti fídíò ló gba fóònù gbogbo wa. Post tí ẹnì kan bá ti fi aago sí láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tó ní "Ẹ yáa wá ra bàtà, owó ti wálẹ̀!", aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn géérégé ló máa jáde, àfi bí ẹni tó ni ín bá sáré lọ dá a dúró. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tó ń kọ ọ́, kò sí òkú nílẹ̀.

Ohun tí aago ṣe nìyẹn. Ó ya ìgbà tá a kọ ọ̀rọ̀ kúrò lára ìgbà tá a sọ ọ́. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ewu ń gbé. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kọ́kọ́ wá, nínú áàpù tuntun tó bá gbà, bọ́tìnì tó ń dá gbogbo post dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Buffer ní in, Hootsuite náà ní in. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tí tiyín wà, ẹ wá a lónìí, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún orúkọ, ẹnu kan

Àwọn kan tún rí nǹkan mìíràn nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí. Bí ẹnì kan bá lè fi áàpù kan bójú tó ìkànnì mẹ́wàá, kí ló dé tí kò lè fi bójú tó ẹgbẹ̀rún, kó sì máa ṣe bí ẹgbẹ̀rún èèyàn? Nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ kan wà ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń díbọ́n bí ará Amẹ́ríkà lórí Facebook àti Twitter. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Twitter ṣòfin pé kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde lórí ọ̀pọ̀ àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo áàpù tó ń fi aago sí post ló ní láti yọ ọ̀nà yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Facebook kéde pé òun ti pa àwọn àkáǹtì kan rẹ́, tí àwọn èèyàn ní Ghana àti Nàìjíríà ń bójú tó fún àwọn kan ní Rọ́ṣíà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó kọ ọ́ wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ẹni tó rán wọn níṣẹ́ wà níbòmíràn, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Ohun tí òfin àwọn akọ̀wé lẹ́tà fẹ́ dènà gan-an nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé

Títí di ìgbà yẹn, aago ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, èèyàn ló ṣì ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ti ń yí padà. Lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà láti kọ ìròyìn nípa èrè àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn oníròyìn wọn ń kọ nǹkan bí 300 láàárín oṣù mẹ́ta. Pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó di 3,000 ó lé. Ìròyìn oníṣirò nìkan ni, tí wọ́n ti to gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ kàn ń fi nọ́ńbà sí i. Ẹ lè pè é ní ọmọ ìyá ìwé lẹ́tà ìfẹ́ Onitsha.

Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Google gbé ọ̀nà tuntun jáde tí ẹ̀rọ lè gbà kọ́ èdè, ọ̀nà tí wọ́n pè ní Transformer. Orí rẹ̀ ni OpenAI gbé GPT-2 lé lọ́dún 2019, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ̀ láti fi odindi rẹ̀ sóde, wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn lè fi ṣe. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi í sóde. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ChatGPT dé. Kí ọdún 2023 tó parí, Buffer àti Hootsuite ti fi AI tó ń kọ post sínú áàpù wọn. Akọ̀wé àti aago bọ́ sínú àpò kan náà.

Báwo ló ṣe ń kọ ọ́? Ẹ̀rọ náà ti ka àìmọye ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ. Bẹ́ ẹ bá rán an níṣẹ́, ó ń wo ohun tó ti wà nílẹ̀, ó ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e, ó fi sí i, ó tún ṣírò èyí tó kàn. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá sọ ló sábà máa ń sọ. Kò mọ oníbàárà yín ní Ojúẹlẹ́gba tó máa ń ra ẹ̀wà lálẹ́ Jímọ̀ọ̀. Kò mọ àwàdà tí ẹ máa ń bá a ṣe. Bẹ́ ẹ kò bá sọ ọ́ fún un, ohun tó máa kọ fún yín náà ló máa kọ fún ẹni tó ń ta ẹ̀wà níwájú yín.

Ti Yorùbá tún wá yàtọ̀. Yorùbá tí ẹ̀rọ náà rí kà kéré púpọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń hàn. Gbólóhùn á dà bí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá, àmì ohùn á ṣì rìn. Ẹ mọ̀ pé owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Ẹ fẹ́ fi ọ̀wọ̀ fún oníbàárà, ẹ wá fi ọwọ̀ lé e lọ́wọ́.

Lẹ́tà tí kò lẹ́ni

Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2023, ọkùnrin kan yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Michigan State University ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ́fíìsì kan ní Peabody College, lábẹ́ Vanderbilt University ní ìpínlẹ̀ Tennessee, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn láti tù wọ́n nínú. Ó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìtọ́jú ara ẹni. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ ChatGPT ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ru. Ilé ẹ̀kọ́ náà tọrọ àforíjì.

Ohun tó ń jọ mí lójú nínú rẹ̀ nìyí: wọ́n kọ orúkọ akọ̀wé. Lójú òfin ayé ìjọsí, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ohun tó sọnù ni ẹni tó rán akọ̀wé níṣẹ́. Màmá tó jókòó síwájú tábìlì akọ̀wé ní ẹkún tiẹ̀ lójú kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀. Ímeèlì yẹn kò ní ẹkún ẹnì kankan nínú, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan àwa gan-an. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan kọ̀wé sí òun, òun sì rí ọ̀rọ̀ náà "delve" nínú rẹ̀. Lójú tiẹ̀, àmì pé ChatGPT ló kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò gbà fún un rárá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni, tá a sì ń lò kí ẹ̀rọ yẹn tó dáyé. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ọmọ Nàìjíríà tó jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé béèrè owó òkòwò lè pàdánù rẹ̀, torí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ ra ìwé kọ́ ọ ti dà bíi ti ẹ̀rọ lójú ẹlòmíì. Bí ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́ni bá ṣe ń pọ̀ tó lórí ìkànnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa fura sí ẹni tó kọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kà á sí mi létí

Nítorí náà, ṣé kí a pa AI tì ni? Rárá o. Àwọn ìyá wa kò pa akọ̀wé tì. Ẹni tó ń dá ta ọjà, tó ń dá ya fọ́tò, tó ń dá gbé ọjà lọ fún oníbàárà, kò burú bó bá rí olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lo òfin tó dáàbò bò wọ́n.

Ẹ sọ tẹnu yín kí akọ̀wé tó kọ. Ẹ tẹ ohùn yín sórí fóònù bí ìgbà tí ẹ ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹ kó ìyẹn fún AI, kó tún un tò. Ìyàtọ̀ wà láàárín "bá mi kọ post nípa àǹkárá" àti "àǹkárá yìí ni màmá kan rà fún ogójì ọmọ-ìyá, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí." Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè. Ẹ má fi ojú lásán sáré wò ó. Etí yín ló máa gbọ́ ibi tí ohùn náà kì í ti í ṣe tiyín, òun náà ló sì máa mú àmì ohùn tó ṣìnà. Kí ọjọ́ tó mọ́ tí post kan máa jáde, ẹ tún ìlú wò: ṣé kò sí òkú nílẹ̀?

Akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì. Bó bá kọ ìkọkúkọ, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa rí i. AI kò ní tábìlì kankan níbikíbi tí ẹnikẹ́ni lè lọ ká a mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n sì máa wá bá ẹyin tó fọ́ náà.

Ìbéèrè wa fún yín lọ́sẹ̀ yìí: ǹjẹ́ ẹ ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí akọ̀wé kọ̀wé fún rí? Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ó ṣe rí, kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ohùn ara yín o. Ó dìgbà kan ná.